Kéèkì Kérésìmesì nínú ìkòkò: ìdí ń jóná, àárín ń rì, ọyẹ́ sì ti mú

Ọmọ_Owé (Kàbbà)

Okun o (ìkíni wa nílẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogi), ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún.

Kò sí ọ́ọ̀fù, iná mọ̀nàmọ́ná kò sì ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà inú ìkòkò lórí èédú ni kéèkì ọdún yìí yóò ti jinná. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti dán an wò, àléébù kan náà ló ń yọ: ìdí jóná dúdú, orí funfun ó sì rin gbindin, àárín rì bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí a lò: bọ́tà gíráàmù 250, ṣúgà 250, fúláwà 250, ẹyin márùn-ún, bíkìn páúdà ṣíbí ìjẹun kan tó kún, mílíìkì olómi agolo kékeré kan. Ọyẹ́ ti sọ bọ́tà di òkúta, nítorí náà a yọ́ ọ lórí iná kí a tó pò ó mọ́ ṣúgà. Ìkòkò náà fẹ̀ ní ínṣì 12. Òkúta odò mẹ́ta wà nínú rẹ̀, abọ́ kéèkì lé wọn lórí, ìdérí bò ó, gbogbo iná wà nísàlẹ̀. Nígbà tó pé ogún ìṣẹ́jú a ṣí i wò.

Níbo la ti ṣìnà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwọ̀n sí ìdáhùn yín. "Fi díẹ̀ sí i" àti "ìwọ̀nba" ló gbé wa dé ibi tí a wà yìí.

Ìyá_Oníkéèkì (Ìyàrá)

Ọmọ Owé, o kú iṣẹ́. Iná yẹn ní ẹjọ́ tirẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n dá yóò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kéèkì yẹn ti bàjẹ́ nínú abọ́ kó tó fojú kan iná.

Bọ́tà tí o yọ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Afẹ́fẹ́ tí hóró ṣúgà ń gbẹ́ sínú bọ́tà nígbà tí a bá ń lù wọ́n pọ̀ ló ń gbé irú kéèkì yìí sókè. Bọ́tà tó ti di òróró kò lè di afẹ́fẹ́ mú, èyí tó le bí òkúta kò sì lè gbà á wọlé. Èyí tí à ń wá ni kí ìka rì sínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, kó má sì máa dán bí ohun tó fẹ́ ṣàn. Láàárọ̀ ọyẹ́, ṣe báyìí: gé bọ́tà wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà onígun, tò ó sórí àwo. Da omi gbígbóná sínú abọ́ irin ńlá, jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, dà á nù, nu abọ́ náà gbẹ, kí o wá dojú rẹ̀ dé bọ́tà lórí. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ó ti rọ̀. Má gbé e sún mọ́ ààrò. Ẹ̀gbẹ́ kan á yọ́, èkejì á ṣì le gbagidi.

Ṣúgà ọjà wa ní hóró ńlá. Lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ ìlọta fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, tàbí kí o gún un nínú odó iyán tó mọ́ (odó tí a ti gún ata rí kò ṣeé fẹnu sọ). Má jẹ́ kó kúnná bí àtíkè, torí igun ara hóró yẹn la fi ń gbẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bọ́tà. Fi ṣíbí onígi lù wọ́n pọ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 25 bí kò bá sí ẹ̀rọ. Nígbà tó bá ti funfun, tó fúyẹ́, tí ṣíbí kò dún ṣàà ṣàà nídìí abọ́ mọ́, ó tó.

Ẹyin tó sùn sínú òtútù ọyẹ́ yóò mú kí bọ́tà dì padà, àdàlù á pín, omi lọ́tọ̀, ọ̀rá lọ́tọ̀. Kó ẹyin pẹ̀lú èèpo rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fọ́ gbogbo rẹ̀ sínú ife, lù ú, kí o máa dà á sí bọ́tà ní ṣíbí ìjẹun méjì méjì, kí o lù ú wọlé tán kí o tó bu òmíràn. Bí ó bá fẹ́ pín, ju ṣíbí fúláwà kan sí i, máa lù ú lọ.

Ti bíkìn páúdà ló burú jù. Ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ ṣíbí tíì mẹ́ta. "Tó kún" tí o wí yẹn ti sún mọ́ márùn-ún. Fún fúláwà 250 pẹ̀lú ẹyin márùn-ún, ṣíbí tíì kan àbọ̀, tí a fi ọ̀bẹ fá lórí kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ti tó. Èyí tó bá pọ̀ jù á gbé kéèkì sókè kíákíá ṣáájú kí ẹyin àti fúláwà tó dì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yẹn bá sá, kò sí òpó tí yóò gbé òrùlé dúró, àárín á wó. Á tún fi adùn bí ọṣẹ sílẹ̀ lórí ahọ́n.

Mílíìkì agolo kan pẹ̀lú ẹyin márùn-ún ti di ẹ̀kọ. Ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta ni, ìyẹn náà bí àdàlù bá ki. Òótọ́ ni pé ọyẹ́ ń gbẹ fúláwà, ó sì lè gba ṣíbí kan ju ti ìgbà òjò lọ, ṣùgbọ́n kò lè gba agolo kan láéláé. Gbé ṣíbí sókè wò: àdàlù tó dára á rọ̀ mọ́ ṣíbí, wàá ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó já bọ́.

Jọ fúláwà àti bíkìn páúdà pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí o rọra yí i wọlé. Ìgbà tí fúláwà bá ti wọlé, lílù ti parí. Bí o bá ń lù ú síwájú sí i, á máa fà bí ti búrẹ́dì, kéèkì á le, ihò gígùn gígùn á sì wà nínú rẹ̀. Má fi iyọ̀ sí i, bọ́tà inú ike ti ní iyọ̀ tirẹ̀. Abọ́ ínṣì 8 tó jìn ní ínṣì 3 ló bá ìwọ̀n yìí mu. Fi bọ́tà pa á, tẹ́ bébà funfun tí a kò kọ nǹkan sí sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì tún fi bọ́tà pa bébà náà. Má lo ìwé ìròyìn, nítorí tàdáwà. Má jẹ́ kí àdàlù kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta abọ́.

Adáná (Mọ̀pà)

Màmá ti parí ti inú abọ́, ó ku iná.

Ohun kan náà ló jó ìdí tó sì fi orí sílẹ̀ ní funfun. Ooru abẹ́ ń gba inú irin àti òkúta lọ tààrà sí ìdí abọ́. Orí kò rí ju afẹ́fẹ́ lọ. Oru tó ń jáde lára kéèkì lọ kan ìdérí tútù, ó di omi, ó ń kán padà sórí kéèkì tó, tó, tó. Ìyẹn ló jẹ́ kó rin. Bí ìdérí bá gbóná, oru kò ní rí ibi tí yóò ti di omi. Nítorí náà orí ìdérí ni kí iná púpọ̀ wà, kí díẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Èló lórí, èló nísàlẹ̀? Àwọn tó ń fi ìkòkò irin nípọn yan nǹkan ní ibùdó inú igbó l'Amẹ́ríkà ní ìṣirò kan tó rọrùn: wọ́n á mú ìbú ìkòkò ní ínṣì, wọ́n á fi 3 kún un fún orí, wọ́n á yọ 3 kúrò fún ìsàlẹ̀. Fún ìkòkò ínṣì 12 tìrẹ, 15 lórí, 9 nísàlẹ̀, ooru á sì wà ní nǹkan bí 175°C. Ṣùgbọ́n èédú tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ni wọ́n ṣe ìṣirò yẹn fún. Èédú tiwa tí wọ́n fi igi líle sun lóko máa ń gbóná jù ú lọ, ó sì ń tètè di eérú. Ṣa èyí tó tó ẹyin adìyẹ, kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, fi 15 àti 9 bẹ̀rẹ̀, kí o sì máa fi mẹ́rin kún orí, méjì kún ìsàlẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 20 sí 25. Èyí tó ti pọ́n tán nínú àdógán kejì ni kí o máa fi kún un. Èédú dúdú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí i á kọ́kọ́ mu ooru tó wà nílẹ̀, á sì rú èéfín bá kéèkì.

Iyanrìn ńkọ́? Ìkòkò tó fẹ́lẹ́ kò ṣeé lò láìsí i. Jọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, sá a. Ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Dà á sínú ìkòkò kó ga ní ínṣì kan àbọ̀, kí o yan án láìdé e títí kò fi ní rú oru mọ́. Iyanrìn ń pín ooru káàkiri, kì í jẹ́ kí ibì kan gbóná ju ibì kan lọ, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ó nílò ìṣẹ́jú 30 kí o tó gbé kéèkì wọlé, kí o sì fi ẹyinná mẹ́ta sí mẹ́rin kún ti ìsàlẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí o bá gbàgbé, kéèkì kò ní tètè jóná.

Yọ òkúta odò yẹn jù nù. Omi ń bẹ nínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Bí ó bá gbóná, ó lè bú gbàù nínú ìkòkò. Agolo tòmátò mẹ́ta tí gíga wọn dọ́gba, tí a ti ṣí lókè nísàlẹ̀, ló dára. Kí ìka méjì wà láàárín abọ́ àti ara ìkòkò yí ká. Kí o tó da àdàlù sínú abọ́, bu omi díẹ̀ sí i, gbé e kalẹ̀ sórí agolo, kí o wò ó bóyá omi dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, kéèkì náà kò ní dọ́gba.

Ìdérí: bí ohun ìmú orí rẹ̀ bá jẹ́ ike, tú u, fi nọ́ọ̀tì àti bóòtù dí ihò rẹ̀. Bí ó bá ṣe roboto tí ẹyinná ń yí kúrò, fi wáyà tó nípọn ká òrùka sí etí rẹ̀, kí ẹyinná jókòó sínú rẹ̀.

Ooru la fi fúláwà dán wò. Wọ́n ṣíbí tíì kan sórí ìdérí agolo, gbé e sínú ìkòkò, dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí kò bá pààrọ̀ àwọ̀, fi iná kún un. Bí ó bá pọ́n bíi bisikíìtì, gbé kéèkì wọlé. Bí ó bá dúdú tó sì ń rùn, kó ẹyinná márùn-ún kúrò, dúró díẹ̀, tún un dán wò.

Láti ìgbà tí o bá ti dé e, má ṣí i kó tó pé ìṣẹ́jú 45. Ogún ìṣẹ́jú tí o wí yẹn, ìgbà tó wú tí kò tíì dì ni. Atẹ́gùn tútù kan báyìí, ó parí. Lápapọ̀ á gbà tó wákàtí kan sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Yí ìkòkò náà ní ìdá mẹ́rin òrùka lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 20, torí iná kì í jó dọ́gba. Kí o tó ṣí i, gbá eérú kúrò lórí ìdérí, gbé ìdérí sókè gangan láìdà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun kan tí a ti fọ̀ gún àárín kéèkì. Bí ó bá jáde láìní àdàlù lára, gbé e kalẹ̀.

Ọmọ_Ìjùmú

Ẹ̀gbọ́n Adáná, ẹ ò mẹ́nu ba afẹ́fẹ́. Láti apá àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́, ẹyinná tó bá sì kọjú sí i á jó tán ní ìlàjì àkókò. Ẹ ri páànù ìbolé kan mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, kó jìnnà sí ìkòkò ní ìwọ̀n apá kan.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí òtútù gbé èédú wọnú yàrá kó sì ti ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀ lè má jí. Abẹ́ àtíbàbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì parí, ẹ da omi sí eérú náà títí yóò fi tutù. Koríko tó yí ilé ká lásìkò yìí ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ta iná kan ṣoṣo tó láti jó oko kàjú ẹlòmíràn.

Ọmọ_Owé (Kàbbà)

Ẹ ṣeun gan-an, Màmá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àánú wa. Bíkìn páúdà yẹn ló tì mí lójú jù.

Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Wọ́n fi ìlànà kéèkì dúdú kan ránṣẹ́ láti London: self-raising flour 8 oz, black treacle, gas mark 2. Kí ni gbogbo ìyẹn? Ìkejì, pọ́fù-pọ́fù tí a pò láàárọ̀ kò wú títí di ọ̀sán. Ìkẹta, ṣín-ṣín wa le débi pé eyín àwọn àgbà kò gbà á.

Ọmọ_Ìsánlú_nílùú_òtútù

Ti London rèé. Ounce kan tó gíráàmù 28, nítorí náà 8 oz jẹ́ nǹkan bí 225. Self-raising flour ni èyí tí wọ́n ti po bíkìn páúdà mọ́ láti iléeṣẹ́. Bí ìwọ bá fẹ́ ṣe tìrẹ, ṣíbí tíì méjì sí fúláwà lásán 150. Má wá fi bíkìn páúdà mìíràn kún un mọ́ àfi bí ìlànà náà bá sọ bẹ́ẹ̀. Gas mark ni nọ́ńbà ooru lára ọ́ọ̀fù gáàsì wọn: gas mark 2 jẹ́ 150°C, gas mark 4 jẹ́ 180°C. Bí wọ́n bá kọ fan (ọ́ọ̀fù tó ní fáànù), ooru tí wọ́n kọ fi 20 dín sí ti ọ́ọ̀fù lásán. Bí ìlànà bá wá láti Amẹ́ríkà, cup wọn jẹ́ mílílítà 240: fúláwà cup kan tó gíráàmù 120 sí 125, ṣúgà 200, stick bọ́tà kan jẹ́ 113. Agolo mílíìkì kékeré tiwa ń gba fúláwà bí 90 bí a kò bá kì í mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí ìwé òyìnbó kì í ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ní kí bọ́tà àti ẹyin wà ní "room temperature", ilé tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ amúlé-móoru sí ni wọ́n ń wí, nǹkan bí 20°C. Yìnyín lè wà níta, inú ilé kò mọ̀. Ní Kàbbà, aago mẹ́fà àárọ̀ ọyẹ́ tutù jù ú lọ, aago méjì ọ̀sán sì gbóná jù ú lọ dáadáa. Aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá ni àkókò tó sún mọ́ tiwọn jù. Ẹ po kéèkì yín nígbà náà.

Black treacle jẹ́ omi ìrèké tó ti ki tó sì dúdú. Ṣúgà jíjó la fi ń rọ́pò rẹ̀. Da ṣúgà 200 sínú ìkòkò kékeré tó gbẹ, má bu omi sí i, iná kó má pọ̀. Á yọ́, á pọ́n, á dúdú. Nígbà tí èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi kọfí tí a kò fi mílíìkì sí, gbé e kúrò, na ọwọ́ jìnnà, kí o da omi gbígbóná mílílítà 100 sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tútù á jẹ́ kó ta gidigidi, ọgbẹ́ ṣúgà gbígbóná sì burú ju ti omi gbígbóná lọ, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta nínú rẹ̀ tó fún ìwọ̀n kéèkì òkè yìí. Bí ó bá kọjá ìyẹn, ó di kíkorò.

Èso ńkọ́? Gíráàmù 250 fún ìwọ̀n kéèkì kan. Rèsínì wọ́n, dàbínù kò wọ́n: yọ kóró rẹ̀, gé e wẹ́wẹ́. Ìbẹ́pẹ dúdú tí a bó, tí a gé ní ìwọ̀n ẹyọ ṣín-ṣín, tí a sè nínú omi ṣúgà títí yóò fi mọ́ gaara, tún dùn jù. Rẹ wọ́n mọ́jú nínú tíì tàbí omi ọsàn, jẹ́ kó ro, fi aṣọ nù ún gbẹ, kí o tó yí i wọlé gbẹ̀yìn. Èso tó bá ń kán omi á tò jọ sídìí kéèkì bí ẹrẹ̀.

Kàjú tó pọ̀ nílé wa náà dára lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti yan tí wọ́n sì ti bó ni kí ẹ rà. Òróró inú èèpo kàjú tútù ń bó ọwọ́, èéfín rẹ̀ ń ta ojú àti ọ̀fun. Iṣẹ́ ilé ìdáná kọ́.

Gas mark 2 fún kéèkì dúdú ńlá lè tó wákàtí mẹ́ta. Kò bá èédú lò. Ẹ pín àdàlù sí abọ́ ínṣì 6 méjì, ẹ yan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alápọ́fù (Ẹ̀gbẹ̀)

Pọ́fù-pọ́fù tí kò wú láàárọ̀ ọyẹ́, òtútù ló mú ìwúkàrà (yíìsì), kò tíì kú. Ó ń sùn ni.

Fúláwà 500, ṣúgà 100, ìwúkàrà gíráàmù 7 (ṣíbí tíì méjì), iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mílílítà 400 sí 430. Kán omi náà sí ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́: bí o kò bá mọ̀ ọ́n ní gbígbóná tàbí tútù, ó tọ́. Omi tó ń jó ọwọ́ ń pa ìwúkàrà, ìyẹn kò sì ní àtúnṣe. Bí o bá ń ṣiyèméjì nípa ìwúkàrà tó ti pẹ́ lọ́jà, po ṣíbí tíì kan nínú rẹ̀ mọ́ ṣúgà díẹ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ààbọ̀ ife. Tí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá tí kò hó, dà á nù. Ṣúgà tó ju 120 lọ náà ń fa ìwúkàrà sẹ́yìn, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀yìn pọ́fù-pọ́fù dúdú nígbà tí inú ṣì tutù.

Po ó, fi ọwọ́ gbá a fún ìṣẹ́jú márùn-ún, dé e. Lẹ́yìn náà gbé abọ́ náà sínú kúlà ìrẹsì, pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o ti kúlà pa. Wákàtí kan sí ọ̀kan àbọ̀, á ti wú di ìlọ́po méjì. Láìsí kúlà, ó lè gba wákàtí mẹ́ta ní irú àárọ̀ yìí. Má gbé e sínú oòrùn pẹ̀lú ojú ṣíṣí: ọyẹ́ á fi awọ bò ó lórí, awọ yẹn kò sì ní wú.

Bí ìwúkàrà bá tán lọ́jà ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, ẹmu ṣì wà. Ìwúkàrà alààyè ló ń hó nínú rẹ̀. Ẹmu tí wọ́n dá láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ṣì ń hó, 400 mílílítà, ló dípò omi àti ìwúkàrà. Fi asẹ́ tàbí aṣọ jọ oyin àti pàǹtí inú rẹ̀, dín ṣúgà kù sí 80, fún un ní wákàtí méjì sí mẹ́rin. Ẹmu ọ̀sán ti ń kan, pọ́fù-pọ́fù rẹ̀ á kan pẹ̀lú. (Mo mọ̀ pé ilé ìdáná wà ní Yàgbà tí ẹmu kò gbọdọ̀ wọ̀, àwọn ìyẹn kí wọ́n tètè ra ìwúkàrà wọn.)

Òróró kó jìn tó ìka mẹ́rin. Kán àdàlù kékeré sí i: bí ó bá rì, tí o sì ka dé ẹ̀ta kó tó léfòó, máa dín in lọ. Bí ó bá pẹ́ nísàlẹ̀, òróró ṣì tutù, pọ́fù-pọ́fù á mu ún bíi kànìnkànìn. Bí ó bá léfòó lójú ẹsẹ̀ tó sì pọ́n, fa igi sẹ́yìn.

Ìyá_Oníkéèkì (Ìyàrá)

Ṣín-ṣín tó le: ó lè jẹ́ pé bọ́tà kò tó, ó lè jẹ́ pé omi pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹ pò ó bí ẹni ń gún iyán. Tiwa níbí, ìkẹta ló pọ̀ jù.

Fúláwà 500, bọ́tà 100, ṣúgà 120, ẹyin kan, mílíìkì mílílítà 80 sí 100, nọ́tímẹ́ẹ̀gì ààbọ̀ ṣíbí tíì, bíkìn páúdà ìdajì ìdajì ṣíbí tíì (ìdá kan nínú mẹ́rin). Ìdajì ìdajì ni mo wí o, Ọmọ Owé.

Fi orí ìka ra bọ́tà mọ́ fúláwà títí gbogbo rẹ̀ á fi dà bíi gàrí. Ṣúgà á yọ́ nínú mílíìkì àti ẹyin kí o tó dà wọ́n sí i, torí hóró tí kò yọ́ ń jóná nínú òróró, òun ló ń fi àmì dúdú sí i. Kó o jọ, ìgbà tó bá ti di odindi kan, fi í sílẹ̀. Fi aṣọ tó tutù tí a ti fún gbẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 20. Nínú ọyẹ́, apá tí o kò bá tíì nà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ yẹn títí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ya.

Nà á kó nípọn ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà, gé e, kó o sínú asẹ́, gbọ̀n ọ́n kí fúláwà ara rẹ̀ já bọ́. Fúláwà yẹn ló ń rì sídìí agbada, tó ń jóná, tó ń ba òróró jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa dà á sínú òróró. Bí a bá dà á púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, òróró á tutù, á pẹ́ nínú rẹ̀, á gan. Ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ, máa rò ó. Kó o kúrò nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bí ẹ̀pà yíyan tí a bó, kó tó pọ́n bí o ṣe fẹ́, torí ooru inú rẹ̀ á ṣì máa pọ́n ọn lẹ́yìn tó bá jáde. Bí òróró bá ń hó ìfófòó tí ṣín-ṣín sì ń tú ká, bọ́tà tàbí ẹyin ti pọ̀ jù. Fi fúláwà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta kún èyí tó kù nílẹ̀.

Ọmọ_Owé (Kàbbà)

Màmá, ẹ kú ọgbọ́n. A yan kéèkì láàárọ̀ yìí: ẹyinná 15 lórí, 9 nísàlẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta tí a fi kún un nítorí iyanrìn, ó di 12. Orí pọ́n, àárín dúró, ìdí pọ́n díẹ̀ ju orí lọ ṣùgbọ́n kò jóná. Báwo la ṣe máa tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ṣín-ṣín títí àlejò á fi dé?

Adáná (Mọ̀pà)

Yọ ẹyinná méjì kúrò nísàlẹ̀ nígbà mìíràn.

Ìyá_Oníkéèkì (Ìyàrá)

Jẹ́ kí kéèkì jókòó sínú abọ́ fún ìṣẹ́jú 15, yọ ọ́ jáde, kó tutù dénú fún wákàtí méjì ó kéré tán. Fi fọ́ìlì wé e, kí o fi sínú ọ̀rá, dì í. Ọyẹ́ á sọ kéèkì tó wà níta di gbígbẹ láàárín òru kan. Kéèkì funfun yìí á dára fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Nítorí náà, bí àlejò yín bá ń bọ̀ ní ọjọ́ Ọdún Tuntun, ẹ yan tiwọn lọ́tọ̀.

Ṣín-ṣín á pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ike tó dé pinpin, bí ó bá tutù pátápátá kí ẹ tó dé e. Bí ó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, oru rẹ̀ á di omi nínú ike, á rọ̀, á sì hu. Nítorí èèrà, ẹ gbé ike náà sórí agolo tí a dojú rẹ̀ dé nínú àwo omi. Omi yẹn ń gbẹ lóru ọyẹ́, ẹ máa bu òmíràn sí i láàárọ̀.